Ẹ Má Tẹ Láfún

Kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ jẹ́ kí n sọ iye rẹ̀:
ẹgbẹ̀rún kan náírà fún àgbà, ọmọdé ò san nǹkan.
Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ yóò fi igba náírà lé e,
ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ní bíréèkì,
èmi ni mo sì máa ń gùn ún.

Látìgbà tí wọ́n ti ní ará ìlú ńlá ń wá ibi tí ariwo ò sí
ni mo ti ń pa ọkọ́ tì lọ́jọ́ Sátidé.
Mo kọ Ẹ KÚ ÀBỌ̀ sára páànù,
mo fi kọ́ igi kajú létí oko Bàbá Oyèdìran.
Ògbómọ̀ṣọ́ wà lẹ́yìn wa, ìrìn wákàtí kan;
bí ọ̀kadà bá gbé yín, ẹ ó dé kí ẹ tó sín lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn mẹ́rin ló dé láti Ìbàdàn:
ọkọ, ìyàwó, àbúrò ìyàwó
tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn bí ẹni pọn ọmọ síwájú,
àti Ìtùnúolúwa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú méjì.
Ìyàwó ní, “Kí ló wà níbí tá a lè wò?”
Mo ní àpáta wà. Mo ní odò wà.
Máńgòrò wà: èyí tó bá jábọ́, tiyín ni,
èyí tó wà lórí igi, ti onígi ni.
Lékeléke náà wà, àmọ́ wọn kì í jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni.
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì,
bí ẹni tó sọ̀ sí ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ẹsẹ̀ àpáta, mo dá wọn dúró.
Ẹ gun ibi tó wù yín. Ẹ kígbe, àpáta á dá yín lóhùn.
Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ láfún.
Torí gbogbo ẹ̀yìn àpáta ló funfun:
ẹ̀gẹ́ tí Ìyá Morádéyọ̀ bó, tó rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin,
tó fún omi rẹ̀ dànù, tó sá síbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́.
Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ìran, ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn ni.

Wọ́n gòkè bí ẹni ń rìn láàárín àwọn ọmọ tó sùn.
Lókè, atẹ́gùn já fìlà ọkọ gbà;
ọmọ sá tẹ̀ lé e, ó mú un.
Mo nawọ́: Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn,
páànù lórí páànù, bí ìsàlẹ̀ ẹ̀wà tó jóná díẹ̀.
Adágún tó ń dán yẹn, Látúndé ń tukọ̀ níbẹ̀,
ẹ lè bá a lọ lọ́sàn-án,
ẹ ṣáà má sọ̀rọ̀ bó bá ń ju àwọ̀n.
Àbúrò ìyàwó ń yàwòrán, ó ń yàwòrán.
Èmi ń wo ìlà oòrùn,
ojú ọ̀run ti dú níbẹ̀ bí ìdí ìkòkò.

N ò tíì la ẹnu tí Ìyá Morádéyọ̀ fi ń sáré bọ̀
tòun ti àpò àti agbọ̀n.
Ó pè mí, ó pe Ọlọ́run, ó pe àlejò tí ò mọ̀ rí.
Ta ló tún rántí owó ìwọlé?
Ọkọ ká ṣòkòtò. Ìyàwó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ,
ó ń fi èékánná pupa gbá láfún jọ.
Fìlà bàbá ni ọmọ fi ń bù ú.
Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bá wa nídìí àpò ìkẹyìn.

Nínú ahéré, orí gbogbo wa funfun,
a dàgbà lójijì.
Ìyá ka àpò rẹ̀: mẹ́ta àtààbọ̀.
“Ó tutù díẹ̀,” ó ní, “ẹ̀yin ará ìlú, ẹ lọ́ra.”
Ló bá gé máńgòrò fún wọn,
kì í ṣe èyí tó jábọ́, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ já.

Odò ò ṣeé lọ mọ́. Òjò pa kẹ̀kẹ́.
Mo ní kí n dá owó padà, ọkọ mirí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwòrán kan wọlé sórí fóònù mi.
Kì í ṣe ti àpáta, kì í ṣe ti adágún:
ojú ẹsẹ̀ kékeré kan ni, ìka márùn-ún pé,
láàárín láfún.
N ò fi han Ìyá Morádéyọ̀.